Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àdúgbò Dára Tán, Wọ́n Ní Kí A Kó Jáde

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní àárín ìlú ti pọ̀ débi pé a fi gbogbo ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún un. A mú mẹ́fà nínú wọn. A gé àwọn tí ó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé kúrò, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ṣì ń gbé lábẹ́ òrùlé onílé tí ẹ ń ròyìn.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejìlélógún rèé tí èmi àti àwọn ọmọ mi ti ń gbé yàrá méjì ní àdúgbò kan láàárín gbùngbùn ìlú. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí iná ojú pópó, gọ́tà ń rùn, àwọn awakọ̀ kì í sì í fẹ́ gbé èrò dé ọ̀dọ̀ wa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwa ayálégbé ni a ń dáwó kó pàǹtí, àwa náà ni a ń pín ara wa ṣọ́ òru. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ṣe ọ̀nà wa, tí wọ́n ri òpó iná, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó dé. Inú wa dùn. Ní oṣù tí ó kọjá, onílé lẹ ìwé mọ́ ẹnu géètì pé òun fẹ́ tún ilé ṣe, kí gbogbo wa kó jáde láàárín oṣù mẹ́ta. Tìbínú-tìbínú ni mo fi ń wo iná ojú pópó yẹn báyìí. Ọmọ mi obìnrin ní n kò gbọdọ̀ bá ìdàgbàsókè ṣọ̀tá. Ṣé aláìmoore ni mí ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kì í ṣe aláìmoore, iná ojú pópó náà kò sì ṣẹ̀ yín. Ẹni tí ó fara da òkùnkùn fún ọdún méjìdínlógún ní ẹ̀tọ́ láti jókòó nínú ìmọ́lẹ̀. Ohun tí ó ń bí yín nínú ni pé ẹ̀yin ni ẹ gbin ín, ẹlòmíràn ni ó fẹ́ kórè rẹ̀, ìbínú bẹ́ẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí ó dé bá yín ti pẹ́ láyé, ó sì ti ní orúkọ láti 1964. Ní ọdún náà ni Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tí wọ́n bí ní Jámánì tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní London, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àdúgbò òṣìṣẹ́ ní ìlú náà ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé kékeré tí ó ní yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ni wọ́n ń gbà nígbà tí àdéhùn àwọn tí ó ń gbé inú wọn bá ti parí, tí wọ́n sì ń tún wọn ṣe di ilé olówó gọbọi. Àwọn ilé ńlá àtijọ́ tí wọ́n ti pín sí yàrá-yàrá fún ọ̀pọ̀ ayálégbé náà tún padà di ilé ìdílé kan ṣoṣo. Ó pe ìyípadà náà ní gentrification, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ ayé àtijọ́, yẹ̀yẹ́ díẹ̀ sì wà nínú orúkọ náà. Ẹ kíyè sí ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí: ìgbà tí àdéhùn bá parí ni. Ẹni tí ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bẹ̀rù iná ojú pópó.

Ẹnì kan tún wà tí ó yẹ kí a dárúkọ, nítorí pé àlàyé rẹ̀ ni ó bá lẹ́tà yín mu jù lọ. Ní 1979, Neil Smith, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Scotland, sọ pé kí a yé béèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi ń padà wá sí àárín ìlú, kí a béèrè ìdí tí owó fi ń padà wá. Ó ní onílé tí ó kọ̀ láti tún òrùlé ṣe, tí kò kun ògiri, tí kò yí páìpù omi padà, ń jẹ ilé náà díẹ̀díẹ̀, owó tí ó sì ń rí lórí rẹ̀ ń wálẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà. Àárín ìlú náà ni, nítòsí ibi iṣẹ́ àti ibùdókọ̀. Àlàfo kan á wá ṣí sílẹ̀ láàárín owó tí ilẹ̀ náà ń mú wá àti owó tí ó lè mú wá bí ẹlòmíràn bá ń gbé orí rẹ̀. Bí àlàfo náà bá ti fẹ̀ tó, kọńtírátọ̀ á dé. Nítorí náà, ọdún méjìdínlógún tí wọ́n fi pa yín tì àti àtúnṣe tí ó ń lé yín jáde nísinsìnyí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí onílé bá ní òun ń tún ilé ṣe, ẹ bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó tún un ṣe nígbà tí òrùlé ń jò lé yín lórí.

Ní ti ohun tí ẹ óò ṣe: ẹ má ṣe kó jáde nítorí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ lásán, ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè pàṣẹ pé kí ayálégbé jáde, iye àkókò tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín lè dúró lé bóyá lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún ni ẹ ń san owó ilé. Ẹ wá gbogbo rìsíìtì yín jáde, ẹ ka ìwé àdéhùn yín, kí ẹ sì lọ bá agbẹjọ́rò pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé, kí ẹ má lọ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni àtúnṣe náà, ẹ béèrè kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ óò padà síbẹ̀ nígbà tí ó bá parí, kí ó sì dárúkọ iye tí ẹ óò máa san. Ọ̀pọ̀ onílé á kọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ náà á sì jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àtúnṣe náà wà fún. Mi ò ní tàn yín: ó lè jẹ́ pé ẹ ó kó jáde náà níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó jáde lẹ́yìn ọdún kan pẹ̀lú owó ìkẹ́rù lọ́wọ́ àti ẹni tí ó sá jáde láàárín oṣù mẹ́ta.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, èmi ni mo sì kó wọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára mi ká. Níwájú ilé tí mo ń gbé, bẹ́ǹṣì kan wà tí àwọn bàbá àdúgbò máa ń jókòó sí láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé fọwọ́ sí ìwé kan sí ẹ́jẹ́ǹtì nítorí ariwo. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì náà lọ. Ihò mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ́ sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá kí wọn, wọ́n á kàn mi orí. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi pé àdúgbò ń yí padà ni?

Ìdáhùn: Àbúrò wa, ọ̀rọ̀ owó ilé ju agbára rẹ lọ, o kò sì jẹ̀bi pé o wá ibi tí o máa fi orí pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ni kò ju agbára rẹ lọ.

Jẹ́ kí a mú ti owó kọ́kọ́. Àwọn tí kò lówó púpọ̀ ni ó sábà máa ń ṣáájú àwọn olówó wọ àdúgbò. Ní SoHo ní New York, àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére kó wọ àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí tí ó ṣófo ní nǹkan bí 1960 síwájú, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìgba àṣẹ, nítorí pé àyè gbòòrò, owó sì kéré. Ní 1971, ìjọba ìlú fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó ní ìwé ẹ̀rí máa gbé níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí láyé wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ilé bẹ́ẹ̀, tí owó sì lé púpọ̀ nínú àwọn tí ó la ọ̀nà náà jáde. Bí o bá dúró pẹ́ níbi tí o wà, ó ṣeé ṣe kí ìwé kan bá ìwọ náà lẹ́nu géètì.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ní 2004, Lance Freeman àti Frank Braconi tẹ ìwádìí kan jáde lórí New York, wọ́n sì rí i pé àwọn tálákà tí ó ń gbé ní àdúgbò tí olówó ń kó wọ̀ kò kó jáde ju àwọn tálákà ibòmíràn lọ. Kódà, wọ́n ń pẹ́ níbẹ̀ jù wọ́n lọ. Inú àwọn kọńtírátọ̀ dùn sí ìròyìn náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kà á dé òpin. New York jẹ́ ìlú tí òfin ti ń fi ààlà sí owó ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà ẹni tí ó bá ti wà nínú ilé á rọ̀ mọ́ ọn. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà ni ẹ̀yìn ẹni tí ó jáde. Ní gbogbo àdúgbò ayé ni èèyàn ti ń kó jáde, yálà ó fẹ́yàwó, tàbí ó rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, tàbí ó kú. Ní àdúgbò àtijọ́, ẹni bíi tirẹ̀ ni ó máa ń gba yàrá rẹ̀. Ní àdúgbò tí ó ń yí padà, ẹni tí ó jáde kò ní àrólé. Kò sí ariwo, kò sí ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn bàbá mẹ́rin á kù sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn náà méjì. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ bí àdúgbò kan ṣe ń yí padà, wo ẹni tí ó gba yàrá tí ó ṣófo kẹ́yìn.

Ó wá ku bẹ́ǹṣì. Láti 1961 ni Jane Jacobs, òǹkọ̀wé tí òun náà ń gbé ní àárín New York, ti ṣàlàyé pé ojú àwọn tí ó wà lẹ́bàá títì ni ó ń dáàbò bo títì, ọlọ́pàá ò lè ṣe é tó wọn. Ariwo tí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ìṣọ́ òru yín ni. Lọ bá àwọn bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí ó bá ṣe wá sí ọ lára, kí o sọ pé ìwọ wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i kọ òmíràn sí ẹ́jẹ́ǹtì pé kí ó gbé bẹ́ǹṣì padà. Aago mẹ́wàá kò pẹ́ jù.

Ìbéèrè: Ilé mi ni mo ń gbé, èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkùnrin kan ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun fẹ́ rà á, ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí mo rò pé ó tó. Ṣé kí n tà á?

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹni tí ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídíye lé ilé, tí kò bá ọkùnrin náà tan, kí ó sọ iye tí ilẹ̀ náà tó, nítorí pé ilẹ̀ ni ó fẹ́ rà; ó ṣeé ṣe kí ó wó ilé náà. Ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ilé ní ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ kí ẹ tó yọ̀ mọ́ ìlọ́po mẹ́ta, nítorí pé ọjà kan náà ni ẹ óò ti ra òmíràn. Bí owó ni ẹ nílò tí ẹ kò sì fẹ́ kúrò, ẹ lè fi ilẹ̀ náà háyà fún iye ọdún kan, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ yàrá tiyín sínú ìwé àdéhùn. Bí ayálégbé bá wà lọ́dọ̀ yín, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀ o. Bí ẹ bá tà á, ìwé kan á bá a lẹ́nu géètì.

Ìbéèrè: Kí ni ìjọba ń wò? Ṣé kò lè fòfin dá owó ilé dúró ni?

Ìdáhùn: Ó lè dá a dúró. Bí wọ́n ṣe kọ òfin náà ni ó ń pinnu ẹni tí ó máa jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òfin ti ṣe ìpalára. Ní 1957, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú ọ̀pọ̀ ilé sílẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin tí ó dá owó ilé dúró, ó sì fi kún un pé àwọn ilé tí ó kù á bọ́ kúrò lábẹ́ òfin náà bí ayálégbé tí ó wà nínú wọn bá ti jáde. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ayálégbé tí ó jókòó jẹ́ àdánù, yàrá òfìfo jẹ́ èrè. Ní Notting Hill ní London, onílé kan tí ń jẹ́ Peter Rachman di ẹni àmúpòwe nítorí bí ó ṣe ń lé àwọn ayálégbé àtijọ́ jáde, tí ó sì ń kó àwọn àjèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti erékùṣù Caribbean sínú ilé wọn ní owó gegere, nítorí pé àwọn onílé yòókù kò fẹ́ gbà wọ́n. Ó kú ní 1962, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1965 ni òfin mìíràn tó dá ààbò padà fún ayálégbé. Notting Hill wá di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ilé wọn wọ́n jù lọ ní London, òṣìṣẹ́ wo ni ó tún lè gba yàrá níbẹ̀?

Berlin gbìyànjú láti ṣe òdìkejì rẹ̀. Láti oṣù kejì 2020, ó dá owó ilé dúró sí bí ó ṣe wà ní oṣù kẹfà 2019, fún àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2014. Owó dúró sójú kan fún ẹni tí ó ti wà nínú ilé, ó sì wálẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń polówó fún ayálégbé tuntun dín kù gan-an, nítorí pé àwọn onílé kan di tiwọn mú, àwọn mìíràn sì ń ta tiwọn. Ní oṣù kẹrin 2021, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ lórí òfin ìpìlẹ̀ ní Jámánì wọ́gi lé òfin náà, ó ní ìjọba àpapọ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà, ìjọba ìlú kò ní in. Àwọn ayálégbé kan sì gbọ́dọ̀ wá owó tí wọ́n ti yọ fún oṣù púpọ̀ san padà. N kò sọ pé kí a má ṣe fi ààlà sí owó ilé o. Mo ń sọ pé ààlà nìkan ń ran ẹni tí ó wà nínú ilé lọ́wọ́, kò ran ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́.

Vienna, olú ìlú ilẹ̀ Austria, ni mo máa ń tọ́ka sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ àwọn ọ̀rẹ́ mi láti gbọ́ ọ. Ní 1923, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí ilé, èyí tí ó wúwo fún àwọn olówó tí ó sì fúyẹ́ fún òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi í kọ́lé. Kí ó tó di 1934, wọ́n ti kọ́ ilé gbígbé tí ó lé ní 60,000. Karl-Marx-Hof, ọ̀kan nínú àwọn ilé náà tí wọ́n ṣí ní 1930, gùn ju kìlómítà kan lọ; èèyàn lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó rí òpin rẹ̀. Títí di òní, ìlú náà ni ó ni nǹkan bí 220,000 ilé gbígbé. Bí ayálégbé bá rí owó tí ó pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ó ti wọlé, wọn kò ní kí ó jáde, ìdí nìyẹn tí dókítà àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì fi lè jọ máa gun àtẹ̀gùn kan náà.

Àwọn tí ìjọba wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ lè wo Dudley Street ní Boston ní Amẹ́ríkà. Àdúgbò náà ti jóná káàkiri, ó ní ilẹ̀ òfìfo tí ó lé ní 1,300, àwọn ará ìta sì ń da pàǹtí síbẹ̀. Ní 1984, àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ní 1988, ìjọba ìlú fún ẹgbẹ́ náà ní àṣẹ láti gba àwọn ilẹ̀ tí àwọn tí ó ni wọ́n pa tì ní àárín àdúgbò, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún wọn. Wọ́n fi ilẹ̀ náà sábẹ́ àjọ kan tí kò ní tà á láéláé: ẹni tí ó ra ilé lórí rẹ̀ ni ó ni ilé, àjọ ni ó ni ilẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ tà á, iye tí ó lè tà á ní ààlà. Nígbà tí owó dé sí àdúgbò náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò bá ilẹ̀ yẹn lọ́jà. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ààtàn ni wọ́n ti gbà á, ohun tí ó sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe nìyẹn. Bí iná ojú pópó bá ti tàn tán, ó ti pẹ́ jù.

Ìbéèrè: Ilé mẹ́jọ ló wà ní òpópónà wa, márùn-ún nínú wọn ti di ilé tí àwọn àlejò ń sùn fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta. Ṣé ohun kan náà ni èyí?

Ìdáhùn: Ohun kan náà ni, ó kàn ń yára jù. Àlejò ọjọ́ mẹ́ta ń san ju ayálégbé lọ, kì í sì í béèrè àtúnṣe òrùlé. Barcelona ní Sípéènì kéde ní oṣù kẹfà 2024 pé òun kò ní tún ìwé àṣẹ 10,101 irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́, tí gbogbo wọn á fi parí ní oṣù kọkànlá 2028, kí àwọn ilé náà lè padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbé ìlú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré: ẹ béèrè lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá àwọn ilé márùn-ún náà ní ìwé àṣẹ rárá.

Ìbéèrè: Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Kí ni kí n ní kí àwọn ọmọ máa pe gentrification?

Ìdáhùn: Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pè é ní ìsọdọ̀tun àdúgbò, n kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tí ó ń ta ilé ni ó máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Àwọn mìíràn ní ìlénijáde, ṣùgbọ́n ìyẹn náà fi apá kan sílẹ̀, torí ẹni tí omi gba ilé rẹ̀ náà jáde. Èyí tí mo ń lò ni àtúnṣe alénijáde, nítorí pé ó gba ohun méjèèjì mọ́ra, ọ̀nà tí ó dára àti ìwé tí ó wà lẹ́nu géètì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá rí èyí tí ó dára jù ú lọ, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.